Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo: Olórí Ilé Ìwòsàn tí ó Gba Ẹbí Aláìsàn Wọlé

Bí ènìyàn bá wọ mọ́tò ní Igbó-Ọrà tí ó dorí kọ Abẹ́òkúta, ọ̀nà náà kò jìn. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Ìbàràpá ti ń rìn ín. Àwọn kan ń gbé gàrí àti ẹ̀gúsí lọ sọ́jà, àwọn kan ń lọ kí àna, àwọn ọmọ wa ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò kan wà lójú ọ̀nà náà tí a kì í pariwo rẹ̀. Òun ni ti ìdílé tí ọmọ wọn tàbí ìyàwó wọn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, tí kò sùn mọ́ lóru, tí ó ń fa aṣọ ya mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Ìdájí ni wọ́n máa ń gbéra kí aládùúgbò má baà rí wọn. Aró ni wọ́n ń lọ.

Àwa náà mọ bí a ṣe ń lo orúkọ Aró ní ìlú wa. Bí ọmọdé bá ṣe wérewère, a ó ní Aró ló yẹ ẹ́. Èébú ni a sọ ọ́ dà. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ wà lára ibi tí iṣẹ́ ọpọlọ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti kọ́kọ́ ya gbogbo ayé lẹ́nu, ọkùnrin kan tí ó kú ní ohun tí ó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn ni ó sì ṣáájú iṣẹ́ náà. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ kà lóṣù yìí, pàápàá nítorí àwọn ọmọ wa tí ó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì, tí wọ́n rò pé iṣẹ́ náà parí sí ara abẹ́rẹ́ àti oògùn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ darí ilé ìwòsàn. Bí ẹni náà bá ṣe mọ̀ ọ́n darí sí ni ara àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò ṣe dá sí.

A bí Thomas Adéoyè Lambo ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1923. Ó kàwé ní Baptist Boys' High School ní ìlú náà láti 1935 títí di 1940, lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ó yege ní 1948. Ní 1950 ó padà wálé, ó di dókítà ìjọba, ó sì ṣiṣẹ́ ní Èkó, ní Sàríà àti ní Gusau. Kò pẹ́ tí ó tún fi kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kọ́ nípa àrùn ọpọlọ.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí. Ọ̀dọ́ tí ó bá gba oyè dókítà ní ilẹ̀ òyìnbó nígbà náà lè di oníṣẹ́ abẹ, kí gbogbo ìlú máa dọ̀bálẹ̀ fún un. Ìtọ́jú wèrè kì í ṣe iṣẹ́ tí ìyá lè fi ọmọ rẹ̀ yangàn lọ́jà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí ó bá ń bá wèrè gbé, díẹ̀ yóò ràn án. Lambo mọ gbogbo èyí, ó sì lọ.

Ohun tí ìjọba àmúnisìn pè ní ìtọ́jú wèrè nígbà náà kò ju àtìmọ́lé lọ. Wọ́n dá ilé wèrè sílẹ̀ ní Calabar ní 1904, wọ́n sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Yábàá ní Èkó ní 1907. Kì í ṣe kí ara ẹni tí ó wà níbẹ̀ lè yá ni wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n kọ́ ọ kí ìgboro lè rọ̀. Ní 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Lántòrò ní Abẹ́òkúta di ibi tí wọ́n ń kó àwọn alárùn ọpọlọ sí, títí kan àwọn ọmọ ogun tí orí wọn dàrú lójú ogun. Ẹ wo ọ̀ràn náà: ọkùnrin tí ó lọ jagun fún ọba Gẹ̀ẹ́sì padà dé pẹ̀lú àìsàn, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti ń fún un lóúnjẹ. Ní abúlé, ti àwa náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ń kan àbà mọ́ aláìsàn lẹ́sẹ̀, a ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́ ìdí igi, a sì ń nà án kí nǹkan tí ó wà lára rẹ̀ lè jáde.

Ní 1954, Lambo di olórí ilé ìwòsàn tuntun tí ìjọba ń kọ́ sí Aró. Ọmọ ọdún 31 ni. Ilé náà kò tíì parí. Àwọn aláìsàn kò sì lè dúró de bíríkì.

Ẹlòmíràn ì bá jókòó sí ọ́fíìsì, ì bá máa kọ lẹ́tà sí Ìbàdàn àti Èkó pé kí wọ́n fi owó kún owó, kò sì ní sí ẹni tí yóò bá a wí. Lambo bojú wo àyíká. Ó rí i pé àwọn abúlé wà létí ilé ìwòsàn náà, àwọn ènìyàn ń dáko níbẹ̀, wọ́n ń hunṣọ, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń ṣeré òṣùpá. Ó wá rò ó pé bí aláìsàn bá kúrò ní irú abúlé bẹ́ẹ̀ tí ó sì tún gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀, kí ni ìdí rẹ̀ tí a ó fi kọ́kọ́ mú un gba inú yàrá onírin kọjá?

Ó lọ bá àwọn àgbà abúlé náà sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn rẹ̀. Ẹ fojú inú wo bí ìpàdé yẹn yóò ti rí. Ta ni yóò gba wèrè sílé, kí ó máa bá ọmọ rẹ̀ jẹun nínú àwo kan? Lambo kò fi àṣẹ ìjọba mú wọn, ó fi ohun tí wọ́n lè rí mú wọn. Owó ilé yóò máa wọlé fún onílé. Ẹni tí yàrá rẹ̀ kò tó, ilé ìwòsàn yóò yá a lówó kí ó fi kọ́ sí i. Wọ́n fa omi ẹ̀rọ wọ abúlé, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, wọ́n rán àwọn tí yóò máa pa ẹ̀fọn. Ará abúlé tí kò ní àìsàn kankan náà rí àǹfààní ilé ìwòsàn tí ó wá bá a nílé. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rí báyìí, ta ni yóò sọ pé kí àlejò máa lọ?

Òfin kan wà tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni rú. Aláìsàn kankan kò gbọ́dọ̀ dá nìkan wá. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó, kí ó máa gbé pẹ̀lú rẹ̀ nínú abúlé, kí ó máa se oúnjẹ rẹ̀, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní àràárọ̀. Níbẹ̀ ni aláìsàn yóò ti gba abẹ́rẹ́, oògùn tàbí ìtọ́jú mìíràn tí àwọn dókítà ń lò nígbà náà. Lọ́sàn-án yóò padà sí abúlé. Bí ara rẹ̀ bá gbà á, yóò bá onílé lọ sóko, tàbí kí ó ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Lálẹ́ yóò jókòó síta bí ènìyàn yòókù.

Níbi òfin yìí ni mo ti rí i pé ọkùnrin náà mọ ohun tí ìṣàkóso ilé ìwòsàn jẹ́. Nínú ìwé ìnáwó ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ẹbí aláìsàn kì í ṣe nǹkan kan, àfi ẹni tí ó ń dí ọ̀nà. Èmi tí mo ń kọ èyí ti dúró rí ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, tí ọlọ́dẹ ń lé wa bí ẹni ń lé adìyẹ nídìí àgbàdo tí a sá sóòrùn, nítorí pé àkókò ìbẹ̀wò ti kọjá. Bẹ́ẹ̀ abọ́ ẹ̀kọ aláìsàn wà lọ́wọ́ wa, kò sì sí ẹni tí yóò fún un lóúnjẹ nínú ilé. Lambo ka ẹbí mọ́ òṣìṣẹ́. Ó mọ̀ pé nọ́ọ̀sì òun kò tó, ó sì mọ̀ pé kò sí iye nọ́ọ̀sì tí ó lè mọ aláìsàn bí ìyá rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n. Ìyá tí ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ fún oṣù mélòó kan ní Aró, tí ó rí oògùn tí wọ́n ń fún un, tí ó rí bí ara rẹ̀ ṣe ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò tún ní fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é nígbà tí wọ́n bá padà délé. Ohun tí gbogbo èyí sì ná ìjọba kò tó iye tí wọn ì bá fi kọ́ wọ́ọ̀dù fún irú èrò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó dá awuyewuye sílẹ̀. Lambo gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ kan kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Lójú wọn, ẹni tí ó kàwé dé Lọ́ńdọ̀nù kò yẹ kí ó bá babaláwo jókòó. Àwa náà lè ní ohun tí a fẹ́ sọ sí i láti apá ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n kí á gbọ́ bí ó ṣe ṣe é ná. Kò fi ìtọ́jú ilé ìwòsàn lé wọn lọ́wọ́. Ohun tí ó ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n máa bójú tó ìgbé ayé àwọn aláìsàn nínú abúlé, àwọn àpéjọ wọn àti ohun tí wọ́n jọ ń ṣe, kí wọ́n sì ran àwọn dókítà lọ́wọ́ láti mọ ohun tí aláìsàn ní lọ́kàn. Ẹni tí ó gbà pé ayé ń ṣe òun, tí dókítà sì fi rẹ́rìn-ín, kò ní sọ ìdajì tí ó kù. Lambo fẹ́ gbọ́ ìdajì náà.

Kì í sì í ṣe òun nìkan ni ó ń ronú báyìí ní ilẹ̀ Adúláwọ̀. Ní Khartoum, ní ilẹ̀ Sùdáánì, Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Tigani al-Mahi, dókítà àrùn ọpọlọ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà, ń bá àwọn aṣáájú ẹ̀sìn àti àwọn oníṣègùn ṣiṣẹ́ pọ̀ ní àkókò yẹn kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìtàn Islam kò ní yà yín lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ńlá tí Sultan Qalawun kọ́ sí Káírò ní 1284 ní ààyè tirẹ̀ fún àwọn tí orí wọn dàrú, wọ́n ń tọ́jú wọn bí aláìsàn ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ibi láyé kò mọ̀ ju ẹ̀wọ̀n àti pàṣán lọ.

Ní 1961, àwọn dókítà àrùn ọpọlọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé wọn àkọ́kọ́, Lambo ni ó sì gbà wọ́n lálejò. Ọdún yẹn náà ni òun àti àwọn olùwádìí Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí Alexander Leighton jẹ́ olórí wọn, wọ inú àwọn abúlé Ẹ̀gbá láti wádìí bí ìdààmú ọkàn ṣe pọ̀ tó láàárín wa. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1963. Kí ni ó jẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì? Àwọn òyìnbó kan ti ń kọ ọ́ pé ènìyàn dúdú kì í ronú jinlẹ̀, nítorí náà kò lè ní ìbànújẹ́ ọkàn tí ó ń di àìsàn. Ìwádìí náà rí ìbànújẹ́ yẹn, ó rí àìróorunsùn, ó rí ìbẹ̀rù, bí wọ́n ṣe rí wọn láàárín àwọn ará abúlé kan ní Kánádà tí wọ́n ti kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ènìyàn ni gbogbo wa.

Ní 1963 Lambo fi Aró sílẹ̀, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn. Dókítà Tọ̀lání Aṣuni, tí ó ti ń bá a ṣiṣẹ́, ni ó gba ipò rẹ̀, ilé ìwòsàn náà sì ń bá iṣẹ́ lọ. Mo ka èyí mọ́ iṣẹ́ rere rẹ̀. Olórí tí ilé ìwòsàn bá dàrú ní ọjọ́ kejì tí ó kúrò, orúkọ ara rẹ̀ ni ó ń kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1963 yìí náà ni ọ̀rọ̀ kan àwa ará Ìbàràpá. Yunifásítì Ìbàdàn àti ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera Ìbàràpá, wọ́n fi Igbó-Ọrà ṣe ibùdó rẹ̀, Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà sì ràn wọ́n lọ́wọ́. N kò ní parọ́: kì í ṣe Lambo ni ó dá ètò náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan náà ni ó ti ń ṣiṣẹ́, òun ni ó sì di olórí ilé ẹ̀kọ́ náà ní 1966, nígbà tí ètò náà ṣì kéré. Èrò tí ó wà nídìí méjèèjì fara jọ ara wọn. Kí dókítà má ṣe jókòó sí Ìbàdàn de aláìsàn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá gbé ní Igbó-Ọrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó wo omi tí ènìyàn ń mu, kí ó ka iye ọmọ tí ó wà nínú ilé, kí ó mọ ìdí tí ìyá fi pẹ́ kí ó tó gbé ọmọ wá. Àwọn àgbà wa rántí ìgbà tí sòbìà ń so ènìyàn mọ́lẹ̀ ní Ìdèrè ní àkókò iṣẹ́ oko gan-an. Àwọn olùwádìí láti Ìbàdàn wá bá a níbẹ̀, wọ́n sì bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí omi. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà.

Láti ipò olórí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, wọ́n gbé Lambo ga sí ipò gíwá gbogbo yunifásítì. Níbí ni ìtàn náà ti ṣòro, kò sì yẹ kí á fò ó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ń fẹ̀hónú hàn lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Wọ́n pe ọlọ́pàá wọ inú ọgbà. Ìbọn dún, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Kúnlé Adépéjú sì kú. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọlọ́pàá kọ́kọ́ pa nínú ọgbà yunifásítì ní ilẹ̀ wa, títí di òní ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń dárúkọ rẹ̀. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Kazeem.

Mo ti ronú lórí èyí lọ́pọ̀ ìgbà. Ọkùnrin tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, tí ó lọ bá àwọn àgbà abúlé jókòó títí wọ́n fi gbà, báwo ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe di ìbọn lábẹ́ rẹ̀? Kì í ṣe òun ni ó yin ín. Ṣùgbọ́n gíwá ni, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè jẹ́ olórí tí kò ní pín nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí ó ń darí. Bóyá agbára tí ó wà ní ọ́fíìsì ńlá ni ó ń jìnnà sí ènìyàn. Ní Aró, ó mọ àwọn onílé. Ní Ìbàdàn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n.

Ọdún 1971 náà ni ó lọ sí Geneva, níbi tí ó ti di igbákejì olùdarí kékeré ní Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ní 1973 ó di igbákejì olùdarí àgbà, ẹni tí ó tẹ̀ lé Halfdan Mahler ará Denmark. Ó wà ní ipò yẹn títí di 1988. Fún ọdún 15, ọmọ Abẹ́òkúta ni igbákejì ẹni tí ó ń darí ọ̀rọ̀ ìlera gbogbo ayé. Àkókò wọn ni wọ́n kéde ní 1980 pé ìgbóná, èyí tí àwọn baba wa kò jẹ́ dárúkọ lásán, ti kúrò láyé. Àkókò wọn náà ni ìpàdé Alma-Ata ti 1978, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò pé kí ìtọ́jú ìlera bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ènìyàn ń gbé, kí ará ìlú fúnra wọn ní ọwọ́ nínú rẹ̀, kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà ní àyè tiwọn níbi tí ó bá ti yẹ. Ẹni tí ó mọ Aró kò ní ṣàì mọ òórùn ọbẹ̀ yẹn.

Àwọn kan sọ pé ó yẹ kí ó dúró sídìí àwọn aláìsàn rẹ̀, pé dókítà tí ó bá ti wọ ọ́fíìsì ti sọnù. N kò gbà bẹ́ẹ̀ tán, n kò sì jiyàn rẹ̀ tán. Ẹ wo Ẹ̀rúwà wa níbí. Dókítà Awójọbí, oníṣẹ́ abẹ tí ó jáde ní Ìbàdàn ní 1975, wá sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ẹ̀rúwà ní 1983, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú náà ní 1986, kò sì kúrò títí ó fi kú ní 2015. Ó fi táyà kẹ̀kẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó ń dáná kùùkú àgbàdo láti fi sè omi fún iṣẹ́ ìwòsàn. Òun kò lọ sí Geneva. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú tíátà, ó sì tún ń ṣe ọ̀gá ilé ìwòsàn. Ọ̀nà méjì ni. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jókòó de ìjọba kí ó tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó wà nílẹ̀.

Ètò abúlé Aró kò rí bí ó ti rí mọ́. Oògùn tuntun mú kí ọjọ́ ìtọ́jú kúrú, ìlú fẹ̀ débẹ̀, owó ilé wọ́n, ó sì ṣòro fún ẹbí láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn náà wà níbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ni ó ń bójú tó o, àwọn dókítà sì ń ti ibi púpọ̀ wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀.

Lambo kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2004. Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kí ó pé ẹni ọdún 81. Ní òwúrọ̀ tí a bá wọ mọ́tò ní Igbó-Ọrà báyìí, tí a sì rí ìyá kan tí ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ àgbà mú lórí ìjókòó ẹ̀yìn, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ibi tí ó ń lọ, kí á fún un láàyè dáadáa.